Tẹlifíṣọ̀n Mẹ́sàn-án Inú Yàrá Ìsàlẹ̀

Kò tíì pé oṣù kan tí a sin bàbá àgbà mi tí ọmọkùnrin kan fi wá láti yunifásítì tó wà lọ́nà Alakahia, ó ní òun ń wá tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa ní Borokiri, ó mu omi tí mo gbé fún un, ó wá bi mí pé, “Àǹtí, wọ́n ní àwọn ẹnjiníà àkọ́kọ́ máa ń ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nílé. Báwo ló ṣe ń di tiwọn?”

Ọmọ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó jókòó, kò sì mọ ohun tó ń bi mí. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mo dìde, mo lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Báwo ló ṣe ń di tiwọn! Nígbà tí mo jáde, mo sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n kankan ò sí nílé yìí mọ́, kó máa lọ. Ohun tó béèrè yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹnu sọ lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń kọ ọ́ síbí, fún un àti fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ wá béèrè.

Oyèdélé ni orúkọ bàbá àgbà mi, ọmọ Ìkìrun. Ní Port Harcourt, àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè wọ́n ní Oga Oye, àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Papa Television, èmi ń pè wọ́n ní Bàbá. Ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámà, ló ń pè wọ́n ní Bàbá Fúnmi, nítorí Fúnmi, ìyá mi, nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Iṣẹ́ tíṣà ń gbé ìyá mi kiri ìgbèríko, nítorí náà ọwọ́ Bàbá àti Màámà ni mo dàgbà sí.

Bàbá ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, sùúrù tí wọ́n sì ní fún ẹ̀rọ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ní fún èèyàn lọ. Tí ẹ bá wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà, ẹ lè kí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dáhùn. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n á ní, “Háà, o káàbọ̀! Ìgbà wo lo dé?” Àlejò ti dé, ó ti jẹun, ó ti ń múra àtilọ.

Pidgin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bíi gbogbo ọmọ Borokiri, Bàbá ò sì gbà fún mi. Màá sáré wọlé pé, “Bàbá, mo ti off rédíò.” Wọ́n á ní, “O ti kí ni rédíò?” Màá ní, “Mo ti off ẹ̀.” Wọ́n á máa wò mí bí ẹni tí kò gbédè, títí n ó fi rántí. “Mo ti pa rédíò.” Ẹ̀hẹn! Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín á tó jáde. Mo máa ń bínú, mo máa ń ní ṣebí wọ́n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàbá á ní, “Èyí tó o bá sọ ni mo gbọ́. Mi ò lè gbọ́ èyí tó wà nínú ẹ.”

Ẹ wá jẹ́ kí n dáhùn ọmọ Alakahia.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n mú Bàbá wá sí Port Harcourt. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń yọjú wo ẹ̀yìn àpótí bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n ń wá àwọn tó ti mọwọ́ iṣẹ́ náà. Àwòrán ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa wò ó? Tẹlifíṣọ̀n ò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ìjọba wá ra díẹ̀, wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn ìlú, sí àgbàlá olóyè, sí ilé-ìwé, kí aráàlú lè máa pé jọ wò. Dúdú àti funfun ni, onípákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó wúwo bí àpótí aṣọ ìyàwó. Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń tún wọn ṣe. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú etí odò, wọ́n á gbé irinṣẹ́ lérí, kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí bọ́ọ̀lù wò.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé-iṣẹ́ fún ẹnjiníà kọ̀ọ̀kan ní tẹlifíṣọ̀n kan láti gbé sílé, kó lè máa fi ojú ara rẹ̀ rí bí àwòrán ṣe ń dé àdúgbò rẹ̀. Tó bá ń mì, tó bá ṣú, kó sáré lọ sọ. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe fàájì. Màámà sọ fún mi pé tí wọ́n bá ń ka ìròyìn, Bàbá kì í gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀; àwọn ìlà tó ń sáré lójú gíláàsì ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ tí ìjọba yí padà, tí ológun kan gba ipò lọ́wọ́ ológun kejì, gbogbo àdúgbò rọ́ wá síwájú ilé wa láti béèrè ohun tí tẹlifíṣọ̀n sọ. Màámà náà ní, “Bàbá Fúnmi, kí ni wọ́n wí?” Bàbá ní, “Ojú ẹ̀ mọ́ dáadáa.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Bàbá nu tẹlifíṣọ̀n yẹn, wọ́n gbé e padà sí ibi iṣẹ́ fúnra wọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ fi Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́nì kankan tó dá tirẹ̀ padà rí.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án ti wà nílé kó tó dìgbà yẹn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, àwọn onípákó di ẹrù. Wọ́n kó wọn bọ̀ láti gbọ̀ngàn àti ilé-ìwé, wọ́n tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-iṣẹ́ títí ibẹ̀ ò fi ṣeé kọjá. Ọ̀gá Tamuno, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ẹnjiníà, ọmọ Rivers tó kàwé lókè òkun, ló pín wọn fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni, ó yẹ kí n máa lo “wọ́n” fún un. Ẹ forí jì mí, inú ṣì ń bí mi.

Ti Bàbá ló pọ̀ jù nítorí àwọn ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ gbé mẹ́sàn-án wá sílé wa, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó níwájú. Wọ́n tò wọ́n sí àgbàlá. Ọ̀gá gbá Bàbá lẹ́jìká, ó ní, “Oye, keep them.” Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Tí ẹ ò bá gbé Borokiri rí, ẹ lè má mọ ohun tí Bàbá gbọ́. Ládùúgbò wa, tí oníbúrẹ́dì bá fẹ́ yà sẹ́yìn ilé, yóò gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú yín, yóò ní, “Abeg, keep am for me.” Tí aláǹgbá bá fẹnu kàn án kó tó dé, ẹ̀yin lẹ máa rojọ́. Kíìpù nìyẹn. Bàbá wọlé lọ bá Màámà, wọ́n ní, “Ọ̀gá ní kí n bá òun tọ́jú wọn.”

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀. A tún háyà yàrá kan sí i nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá, níbi tí Màámà ń kó òwú àti bọ́tìnnì tí wọ́n ń tà ní Creek Road Market sí. Ọjọ́ yẹn ni òwú àti bọ́tìnnì gòkè lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n gba yàrá. Màámà béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa wá kó o. Bàbá ní, “Kò ní pẹ́.”

Ẹ gbà mí o. Ilé tí tẹlifíṣọ̀n mẹ́sàn-án wà, ojú fèrèsé Mama Ibiso, aládùúgbò wa, ni mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n! Bàbá fi àwọn ìró Màámà tó ti gbó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì há ilẹ̀kùn. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo wọn, nítorí afẹ́fẹ́ etí omi ní iyọ̀ nínú, kì í sì í fi irin sílẹ̀. Wọ́n á wá tan ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀ kí òtútù má bàa wọ inú rẹ̀. Àkókò yẹn ni mo máa ń yọjú. Ẹ máa rí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ń lọ sójú ilé, ọwọ́ Bàbá á ti pa á. Màá pariwo. Bàbá á ní, “Ó tó. Kì í ṣe tiwa.”

Nítorí àwọn tẹlifíṣọ̀n yìí ni Bàbá ò ṣe bá Bàbá Rájí sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ wọn tó tẹ̀ lé wọn wá láti Ìbàdàn. Méjì ló kan Bàbá Rájí nígbà ìpín, kò sì pẹ́ tó fi ta méjèèjì. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n jáwọ́ nínú kíkí i. Bàbá Rájí wá sílé wa láti parí ìjà náà. Màámà gbé àga fún un, Bàbá ò wojú ẹ̀.

“Oye, Ọ̀gá fún wa ni, jọ̀ọ́.”

“Ta ló fún ọ? Ṣebí mo wà níbẹ̀? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fún un. Kíìpù ló sọ.”

“Kí ni kíìpù wá jẹ́ lójú tìẹ?”

“Ohun tó jẹ́ lójú gbogbo ayé!”

Bàbá Rájí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì wọlé lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Bàbá Rájí kó lọ sí Kàdúná, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo tó lè là wá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá ò jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́. “Ẹni tó ta ohun tí wọ́n ní kó tọ́jú,” ni wọ́n máa ń pè é.

Ẹsẹ̀ Màámà ló wá sọ ọ̀rọ̀ di wàhálà. Orúnkún méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn onípákó tó há gádígádí, Màámà á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìsàlẹ̀ ni omi wà, ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná, ìsàlẹ̀ ni ilé ìgbẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ láyé yìí ni kí wọ́n máa sùn nínú yàrá ìsàlẹ̀.

“Bàbá Fúnmi, ẹ jẹ́ n máa sùn nísàlẹ̀.”

“Yàrá ò ṣófo, Ìyá Fúnmi.”

“Mo mọ̀ pé kò ṣófo. Ẹ jẹ́ ká kó wọn síta.”

“Ohun ìjọba? Ká kó ohun ìjọba síta?”

“Ìjọba wo? Ìjọba tó kó o wá ti lọ. Òmíràn dé, ìyẹn náà ti lọ. Èwo nínú wọn lẹ ń dúró dè?”

“Èyí tó bá wá béèrè.”

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Bàbá. Ká ní wọ́n burú ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi òrí ra orúnkún Màámà. Àwọn ló kan igi ìdìmú mọ́ ara ògiri àtẹ̀gùn. Tí Màámà bá ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá á ṣáájú, wọ́n á máa fẹ̀yìn rìn, ojú wọn á wà lójú Màámà, ọwọ́ méjèèjì nínà sílẹ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n lè ṣe fún Màámà àfi kí wọ́n kó ohun olóhun síta. Ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀. Lábẹ́ àwọn ológun, wọ́n ti wá gbé òṣìṣẹ́ kan níbi iṣẹ́ wọn rí nítorí wáyà ìjọba tó sọnù, ó sì pẹ́ kó tó padà wálé. Nígbà tí ìyá mi wá ní ìsinmi, tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n ń sunkún pé kí Bàbá ṣàánú ìyá àwọn, Bàbá ní, “Fúnmi, tí wọ́n bá wá gbé mi, ṣé ìwọ lo máa sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ìyá ẹ ló wú?”

Bàbá bẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kó tẹlifíṣọ̀n náà sí yàrá ẹ̀yìn wọn. Àwọn àgbà ìjọ gbà, àfi ìgbà tí Bàbá, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ṣàlàyé pé ohun ìjọba ni. Gbogbo wọn jọ rántí pé yàrá náà ń jò.

Ó wá ku ilé-iṣẹ́. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà, èmi ni mo ń tẹ̀ lé wọn lọ. Bàbá á wọ kóòtù, wọ́n á fá irùngbọ̀n. Àwọn ọmọdé ló ti kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ Oga Oye. Ọ̀gá Tamuno ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun.

“Papa, which television?”

“Àwọn tí ẹ gbé kalẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ẹ wá kó wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó mi fẹ́ yàrá.” Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá máa ń sọ ní Pidgin wọn tó ní ohùn Ìkìrun.

Wọ́n á ní ká lọ sí ọ́fíìsì òkè. Ti òkè á ní ti ìsàlẹ̀ ló ni í. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ṣàánú wa, ó fún Bàbá ní àga, ó ní, “Papa, go house go rest. Nobody dey find am.” Inú mi dùn! Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ti ní àwọn ò wá a. Mo ń sọ ọ́ bọ̀ lọ́nà pé ká kó wọn dànù lónìí. Bàbá jẹ́ ká dé Borokiri ná. Wọ́n wá ní, “Ọmọ yẹn kọ́ ló gbé e fún mi.”

Mo ti sọ pé Sátidé ni Bàbá máa ń tan àwọn tẹlifíṣọ̀n. Sátidé ni Màámà ṣubú. Òjò rọ̀ láàárọ̀, àtẹ̀gùn tutù. Èmi wà lọ́jà, mo ń bá wọn ta òwú. Màámà pe Bàbá láti òkè pé àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, ariwo tẹlifíṣọ̀n ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Màámà pè, wọ́n tún pè, wọ́n wá ní kí àwọn máa bọ̀ fúnra àwọn. Mama Ibiso ló gbọ́ ìró ìṣubú náà.

Egungun ìbàdí ló dá. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe nílé ìwòsàn, wọ́n ní ká máa gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n máa dùbúlẹ̀. Ibo la fẹ́ gbé wọn sí? Òkè náà ni. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé wọn gba àtẹ̀gùn yẹn, igbe tí Màámà ń ké níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ láé. Nígbà tí wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tán, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo gbá ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ mú, mo ní lónìí lónìí ni n ó fọ́ gbogbo ẹ̀ túútúú. Bàbá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bá mi jà. “Àbẹ̀kẹ́,” oríkì mi ni wọ́n pè, “bá mi wá ẹni tó ni wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́.” Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá náà jókòó tì mí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Màámà ò dìde mọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn, Bàbá ń bọ́ wọn lóúnjẹ. Ohun tí Màámà mọ̀ nípa ayé kò ju ohun tí wọ́n ń gbọ́ láti àgbàlá lọ, wọ́n á máa bi mí pé ta ló ń gúnyán, ọmọ ta ló ń sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Ọ̀gá Tamuno ló sọ̀, orí rẹ̀ ti funfun, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ti dé láti òkè òkun, ó gbọ́ pé ìyàwó Oga Oye ń ṣàìsàn, ó ní kóun wá kí wọn. Mi ò rí kí Bàbá dìde báyẹn láti ọdún mélòó kan. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n ń ṣí aṣọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tàn án, ojú wọn ń dán. “Sir, dem complete! All of them dey work!”

Ọ̀gá ń wò. “Oye, wetin be this?”

“The televisions, sir. You say make I keep am.”

Ọ̀gá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àpárá ni. “Oye! I give you! When I say keep them, na your own be that. Since that day.” Ó ní òun rò pé Bàbá á ti tà wọ́n tipẹ́, pé ẹ̀bùn ni, pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ò fẹ́ mọ́ lòun fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Bàbá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo sọ ìyókù fún un, nípa orúnkún, nípa àtẹ̀gùn, nípa ibi tí Màámà wà báyìí àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Oye, why you no ask me?” Kí ni Bàbá fẹ́ béèrè? Ṣé èèyàn ń béèrè ìtumọ̀ ohun tó ti mọ̀? Bàbá rọra ń pa àwọn tẹlifíṣọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “I hear you, sir. That day, I hear you well well.”

Ọ̀gá gòkè lọ kí Màámà, kò lè pẹ́ níbẹ̀, kò sì lè sọ ohun kan ju ẹ pẹ̀lẹ́ lọ. Bó ṣe lọ tán, Bàbá jáde sí àgbàlá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó wá gbé e. Àwọn èèyàn rò pé orí wọn ti dàrú. Mama Ibiso gbé ọ̀kan. Káfíńtà òdìkejì gbé mẹ́ta nítorí pákó ara wọn, ó sì yọ inú wọn dà sílẹ̀ níbẹ̀, lójú Bàbá. Kí oòrùn tó wọ̀, yàrá ti ṣófo. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbá a fúnra wọn, wọ́n nu ògiri, wọ́n ṣí fèrèsé tí kò ṣí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ní kí n bá àwọn gòkè lọ.

Màámà ti gbọ́ gbogbo wọlé-wọ̀de náà láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Bàbá Fúnmi, kí ni wọ́n ń gbé nísàlẹ̀?”

Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ Màámà mú. Mo wo ẹnu wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ ọ́ bó ṣe rí, mo sì ń gbàdúrà kí wọ́n má sọ ọ́.

“Ọ̀gá wá kó ẹrù ẹ̀,” ni Bàbá wí.

“Àwọn tẹlifíṣọ̀n?”

“Àwọn tẹlifíṣọ̀n.”

“Ó kó gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀. Ó dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní kí n tún bá òun kí ọ.”

Mo rí i pé Màámà ń sunkún, ẹ̀rín sì wà lójú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ Bàbá.

“Wọ́n wá lóòótọ́,” ni Màámà wí. “Ẹ wo gbogbo ọdún tí mo fi ń bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ jàre mi, Bàbá Fúnmi. Ẹ má bínú sí mi.”

Bàbá gbé ojú kúrò lára wọn. Màámà rò pé wọn ò tíì dárí ji àwọn, wọ́n tún bẹ̀ wọ́n.

“Mo ti gbọ́,” ni Bàbá wí. “Mi ò bínú.”

A ò gbé Màámà sọ̀ kalẹ̀. Ara wọn ò gbà á mọ́, òkè náà ni wọ́n kú sí.